Rọ́ọ̀kì àtijọ́ àti rọ́ọ̀kì òde òní: Kí ló mú un dákẹ́ ní Èkó àti Aba, tó sì ń ké ní Agadez?

Níbikíbi tí àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì bá ti pàdé, àríyànjiyàn kan kì í tán láàrin wọn: ṣé àwọn ẹgbẹ́ olórin àtijọ́ ló mọ iṣẹ́ náà jù ni, àbí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá lónìí? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn àgbà á dárúkọ Led Zeppelin, Pink Floyd, Queen àti Rolling Stones, wọ́n á sì ní lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, kò sí rọ́ọ̀kì mọ́.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà náà ní àríyànjiyàn tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà. Láàrin ọdún 1970 sí 1977, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì pọ̀ ní Nàìjíríà débi pé ilé iṣẹ́ ńlá bíi EMI ń gbé àwo orin wọn jáde. Lónìí, ẹni tó bá ń wá ibi tí rọ́ọ̀kì ti ń dún jù lọ ní agbègbè yìí kò ní lọ sí Èkó tàbí Aba. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni yóò forí lé, ní àríwá Málì àti Nìjẹ̀r.

Ogun ló wà nídìí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì. Àwọn méjèèjì ló mú gìtá oníná tó ti òkè òkun wá, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ti ara wọn. Kí ló dé tí ọ̀kan fi wọ̀ọ̀kùn láàrin ọdún díẹ̀, tí èkejì sì ń tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún? Nígbà tí a bá fi wọ́n wé ara wọn dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ́ orin ni.

Ibi tí rọ́ọ̀kì ti ṣẹ̀ wá

Amẹ́ríkà ni rọ́ọ̀kì ti jẹyọ, láàrin ọdún 1950 sí 1960, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin blues, tí àtọmọdọ́mọ àwọn ará Áfríkà tí wọ́n kó lẹ́rú dá sílẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni ìyá tó bí i. Orin inú ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sister Rosetta Tharpe, obìnrin tó ń fi gìtá oníná kọ orin ẹ̀mí, wà lára àwọn tó la ọ̀nà sílẹ̀ kí Chuck Berry àti Little Richard tó dé. Elvis Presley, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, wà lára àwọn tó gbé e dé etí gbogbo ayé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1964, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Beatles ti gbà á, wọ́n sì ti ń tà á padà fún Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀.

Gìtá oníná, gìtá béèsì àti ìlù òyìnbó ni òpó mẹ́ta tó gbé rọ́ọ̀kì ró. Ohun tó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára orin gìtá mìíràn ni bí olórin ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjá agbára rẹ̀, kí ohùn gìtá lè há, kí ó máa han bí ẹni tó ń sunkún tàbí tó ń bínú. Jimi Hendrix, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Láti Èkó títí dé Agadez, òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń tẹ́tí sí kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń ta á.

Ogun parí, gìtá bẹ̀rẹ̀

Kí ogun abẹ́lé Nàìjíríà tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ́ ìgboro ti ń da orin àwọn Beatles kọ. The Hykkers wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn ròkè nígbà náà. Ogun tú àwọn ẹgbẹ́ ká, ó sì pa ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kò pa orin yìí. Àwọn ọmọ ogun nílò ohun tí yóò mú ọkàn wọn kúrò lórí ikú fún wákàtí díẹ̀, olórin tó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn máa ń rí oúnjẹ jẹ àti ohun èlò lò.

Nígbà tí ogun parí ní oṣù Kínní ọdún 1970, ìlú Aba di ọ̀kan lára àwọn ojúkò orin tuntun náà. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ The Funkees ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ń ṣeré fún àwọn ọmọ ogun. The Wings náà dìde ní ìlà oòrùn, ohùn Spud Nathan tó ń ṣíwájú wọn sì wọ àwọn ọ̀dọ́ lára. Ẹgbẹ́ Ofo the Black Company gbé orin kan jáde ní ọdún 1972, tí gìtá inú rẹ̀ le débi pé títí di òní, àwọn tó ń ṣa àwo àtijọ́ jọ kárí ayé ṣì ń wá a kiri.

Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn ni rọ́ọ̀kì gbà wọlé. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wa ọkọ̀ la Aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí ó fi dé Èkó ní ọdún 1971. Nígbà tó di ọdún 1973, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ síbẹ̀. Lára àwọn olórin tó bá a ṣiṣẹ́ ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ti jáde, tí wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ: Berkely Jones tó ń ta gìtá, Laolu Akins tó ń lu ìlù, àti Odumosu tó ń ta béèsì. BLO ni wọ́n ń jẹ́. Àwo wọn àkọ́kọ́, "Chapter One", jáde ní ọdún 1973.

Ọdún 1973 yìí kan náà ni Joni Haastrup àti ẹgbẹ́ Monomono gbé "Give the Beggar a Chance" jáde. Ọdún yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's College ní Èkó, tí wọ́n pe ara wọn ní Ofege, wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, tí wọ́n sì gbé "Try and Love" jáde. Aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn wọn nígbà tí orin wọn ń dún káàkiri. Àwọn ìbejì Taiwo àti Kehinde Lijadu náà, tí wọ́n ti bá Ginger Baker ṣeré, fi èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọrin lórí gìtá àti ìlù tó le, nígbà tó ṣọ̀wọ́n kí obìnrin ṣíwájú nínú irú orin bẹ́ẹ̀.

Òkìkí Èkó kàn débi pé Paul McCartney, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles rí, wá ṣe púpọ̀ nínú àwo "Band on the Run" ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Apapa lọ́dún náà. Ìrìn àjò náà kò rọrùn fún un: àwọn adigunjalè dá a lọ́nà, Fela Aníkúlápó Kútì sì fẹ̀sùn kàn án pé orin Áfríkà ló wá jí. Ṣùgbọ́n wíwá rẹ̀ fi hàn pé lójú àwọn olórin rọ́ọ̀kì lágbàáyé, Èkó ti kúrò ní ìlú tí a lè fojú fò dá.

Kí ló pa iná náà?

Nígbà tí ọdún 1977 yóò fi parí, iná náà ti ń kú. Ohun tó fà á kì í ṣe ẹyọ kan.

Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ náà tú ká. Spud Nathan kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1974, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ sì pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. The Funkees kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1973, wọ́n gbé àwo méjì jáde níbẹ̀, wọ́n sì túká ní ọdún 1977. Àwọn Ofo náà gba òkè òkun lọ. Ẹgbẹ́ tó bá fi ìlú sílẹ̀ kì í rí ẹni kọ́ níṣẹ́ mọ́ nílé.

Èkejì ni owó ohun èlò. Gìtá oníná, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ìlù òyìnbó kì í ṣe ohun tí ọ̀dọ́ lásán lè dá rà. Àwọn ológun, onílé ìgbafẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ orin ló máa ń rà á fún wọn. Ẹni tó ni ohun èlò ló ni ẹgbẹ́. Bí ó bá bínú, tàbí tí ó rí òwò mìíràn tó pé e jù, ó kó ẹrù rẹ̀, orin sì dópin. Nígbà tí owó náírà sì wá já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986, gbogbo ohun èlò tó ń ti òkè òkun bọ̀ kọjá ohun tí apá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ká.

Ẹ̀kẹta ni pé ohun tí ọjà ń fẹ́ yí padà. Dískò dé, ó ń dùn ún jó, àwọn ilé iṣẹ́ orin sì tẹ̀ lé ibi tí owó wà. Àwọn BLO fúnra wọn yí ohùn wọn padà sí ọ̀nà yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kẹrin ló ṣe pàtàkì jù, òun ni a kì í sì í sábà sọ. Rọ́ọ̀kì Nàìjíríà kò ní òde àríyá. Bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ, tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n ń ṣí ilé tàbí tí wọ́n ń sìnkú àgbà, kì í ṣe ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè. Ilẹ̀ Yorùbá ń pe eléré jùjú àti oní-fújì, ìlà oòrùn sì ń pe ẹlẹ́gbẹ́ highlife. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilé ìgbafẹ́ alẹ́ àti ọgbà àwọn ológun ni rọ́ọ̀kì ti ń jẹun.

Ẹ̀rí pé gìtá fúnra rẹ̀ kọ́ ló kú wà nínú jùjú. Ọdún 1982, nígbà tí rọ́ọ̀kì ti rẹ̀ ẹ́ ní Èkó, ni ilé iṣẹ́ Island gbé àwo "Juju Music" ti King Sunny Adé jáde fún gbogbo ayé, gìtá oníná tó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ ní ẹyọ kan tàbí méjì. Nígbà tó di ọdún 1989, Laolu Akins, onílù ẹgbẹ́ BLO, ló darí iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ àwo "Ace" tó sọ Shina Peters di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọwọ́ tó kọ́ rọ́ọ̀kì kò rọ. Ibi tí wọ́n ti ń náwó fún eré ló lọ.

Gìtá tí wọ́n fi garawa ṣe

Ní àríwá Málì, ìtàn mìíràn ti ń lọ lọ́wọ́. Ní ọdún 1963, nígbà tí ìjọba Málì ń tẹ ọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg rì, ọmọdé kan tí kò ju ọdún mẹ́rin lọ wà lára àwọn tí wọ́n pa bàbá wọn. Ibrahim Ag Alhabib ni orúkọ rẹ̀. Ó dàgbà sí ojú ìsáǹsá, ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé àti ní ìlú Tamanrasset ní Àlgéríà. Ó rí gìtá nínú fíìmù kan, ó sì fi agolo, igi àti wáyà bíréékì kẹ̀kẹ́ ṣe tirẹ̀.

Ní ọdún 1979, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Tamanrasset. Orúkọ tí wọ́n wá ń jẹ́, Tinariwen, túmọ̀ sí "àwọn aṣálẹ̀" ní èdè Tamasheq. Wọ́n wà lára àwọn ọ̀dọ́ Tuareg tó lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun ní àgọ́ tí Muammar Gaddafi ṣí ní Líbíyà, àwọn kan nínú wọn sì jagun nínú ọ̀tẹ̀ ọdún 1990. "Ishumar" ni wọ́n ń pe ìran wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú láti inú èdè Faransé, tó túmọ̀ sí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Kò sí EMI nínú aṣálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ orin Tinariwen ní láti mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wá, wọ́n á sì kọrin sínú rẹ̀ fún un láì gba owó. Ẹni yẹn á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á ṣe ẹ̀dà fún ìbátan, awakọ̀ á sì gbé e kọjá ààlà. Bẹ́ẹ̀ ni orin kan ṣe ń rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà láì gba orí rédíò kọjá. Ọdún 2001 ni àwo wọn àkọ́kọ́ fún ọjà àgbáyé, "The Radio Tisdas Sessions", tó jáde, ìyẹn ọdún 22 lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2012, àwo wọn "Tassili" gba àmì ẹ̀yẹ Grammy.

Láti kásẹ́ẹ̀tì dé orí fóònù

Àwọn tó tẹ̀ lé Tinariwen ló mú orin aṣálẹ̀ sún mọ́ rọ́ọ̀kì gidi. Bombino, ọmọ Nìjẹ̀r tí wọ́n bí ní ọdún 1980 nítòsí Agadez, sá lọ sí Burkina Faso lẹ́yìn tí wọ́n pa méjì nínú àwọn olórin tó ń bá a ṣeré nígbà ọ̀tẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007. Nígbà tí àlàáfíà padà, ó ṣeré níwájú Mọ́sáláṣí Ńlá Agadez ní ọdún 2010. Dan Auerbach, ti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Black Keys ní Amẹ́ríkà, ló darí ìgbohùnsílẹ̀ àwo rẹ̀ "Nomad" ti ọdún 2013.

Ní Málì, àwọn agbébọn tó gba àríwá orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2012 fòfin de orin. Àwọn olórin sá lọ sí gúúsù. Ní Bamako ni àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ti àríwá wá ti pàdé, tí wọ́n dá Songhoy Blues sílẹ̀. "Music in Exile" ni wọ́n pe àwo wọn ti ọdún 2015, nítorí pé ojú àjò ni wọ́n ti kọ ọ́, láàrin orílẹ̀-èdè tiwọn.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń ròkè jù báyìí ni Mdou Moctar, ọmọ Nìjẹ̀r tó ń fi ọwọ́ òsì ta gìtá. Bí i ti Ibrahim Ag Alhabib, igi àti wáyà kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé ìdílé rẹ̀ kò fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ló ti ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́: ní ọdún 2008, ó lọ sí Sókótó, ó sì kọ "Anar" sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú irú ẹ̀rọ tó ń yí ohùn padà tí àwọn olórin Hausa ń lò nígbà náà. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó gbé e jáde. Orí fóònù ló gbà tàn kálẹ̀, láti mẹ́mọ́rì káàdì kan sí òmíràn, títí ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣa irú orin bẹ́ẹ̀ jọ fi gbọ́ ọ, tó sì wá a kàn. Àwo rẹ̀ "Afrique Victime" ti ọdún 2021 àti "Funeral for Justice" ti ọdún 2024 ti mú kí àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa fi ọwọ́ rẹ̀ wé ti Jimi Hendrix.

Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Fatou Seidi Ghali, láti abúlé Illighadad ní Nìjẹ̀r, fi gìtá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ó wà lára àwọn obìnrin Tuareg àkọ́kọ́ tó sọ gìtá títa di iṣẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Les Filles de Illighadad, da gìtá pọ̀ mọ́ tende, ìlù àwọn obìnrin Tuareg tí wọ́n ń fi awọ bo ẹnu odó ṣe.

Ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀

Bí a bá gbé BLO tàbí Ofo síwájú Mdou Moctar, etí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìbátan. Gìtá tó ń han wà níbẹ̀. Ìlù tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi wà níbẹ̀. Orin tó gùn, tó ń yípo lórí ohùn díẹ̀ títí ara yóò fi gbà á, wà ní ìhà méjèèjì, èyí sì jìnnà sí bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òyìnbó ṣe ń pín orin wọn sí ẹsẹ àti ègbè.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ wà nínú èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ Nàìjíríà fi kọrin, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi Igbo tàbí Yorùbá kún un. Ojú wọn wà lára ayé, wọ́n sì fẹ́ kí ayé gbọ́ wọn. Tamasheq ni àwọn ará aṣálẹ̀ ń kọ. Ará ilé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ayé ló wá yọjú wò wọ́n.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú bí orin ṣe ń rìn. Àwo rọ́ọ̀kì Nàìjíríà gba ilé ìgbohùnsílẹ̀, ilé ìtẹ̀wé àwo àti ṣọ́ọ̀bù kọjá, ẹni tó bá sì ti ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn mẹ́ta yìí ti dá orin dúró. Kásẹ́ẹ̀tì àti fóònù kò ní ilẹ̀kùn tí ẹnìkan lè tì.

Ìyàtọ̀ kẹta ni òde àríyá tí a ti mẹ́nu bà. Ní Agadez, ìgbéyàwó ni ibi iṣẹ́ ẹgbẹ́ onígìtá. Etran de L'Aïr, ẹgbẹ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, fi gìtá kan ṣoṣo àti igbá tí wọ́n ń fi sálúbàtà lù bẹ̀rẹ̀ eré ìyàwó. Wọn kò dúró de ẹni tí yóò ra ìlù òyìnbó fún wọn. Nígbà tí owó dé, wọ́n ra gìtá oníná, wọ́n sì ń bá eré lọ. Lónìí wọ́n ń ṣeré ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ àwo òkè òkun bá kọ̀ wọ́n sílẹ̀ lọ́la, àwọn ará Agadez kò ní ṣíwọ́ ìgbéyàwó.

Ta ló ń jẹ èrè?

Àwo àwọn ẹgbẹ́ Nàìjíríà àtijọ́ ti padà sí ọjà. Láti ọdún 2001, tí ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àkójọ "Nigeria 70" jáde, àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ti ń tún àwo wọ̀nyí tẹ̀. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Now-Again ní Amẹ́ríkà gbé àkójọ alápá méjì jáde lórí ìdìde àti ìṣubú rọ́ọ̀kì Nàìjíríà láàrin ọdún 1972 sí 1977, pẹ̀lú ìtàn tí Uchenna Ikonne kọ. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó ń dun ni pé òkè òkun ni ọmọ Nàìjíríà ní láti kọ̀wé sí kó tó rí orin tí àwọn bàbá rẹ̀ ṣe ní Èkó àti Aba rà.

Òmíràn nínú àwọn olórin náà kò sì sí láyé mọ́ láti jẹ nínú rẹ̀. Kehinde Lijadu kú ní ọdún 2019. Ọdún 2024 ni ilé iṣẹ́ Numero Group tún àwo "Horizon Unlimited" tí òun àti Taiwo ṣe ní ọdún 1979 gbé jáde.

Àwọn olórin aṣálẹ̀ ti ọ̀nà owó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ojú wọn ni iṣẹ́ wọn fi dé ọjà àgbáyé. Síbẹ̀, ewu tiwọn wà níwájú ilé. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀r ní oṣù Keje ọdún 2023, Mdou Moctar àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí ìrìn àjò eré ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ilé sì dí mọ́ wọn. Àwọn olólùfẹ́ wọn ló dá owó fún wọn. Ní Málì, Intidao, ọ̀kan lára àwọn Tinariwen, bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbébọn ní ọdún 2013 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Àjọ̀dún orin inú aṣálẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní agbègbè Timbuktu kò tíì padà síbẹ̀ láti ọdún 2012. Òde àríyá tó ń bọ́ orin yìí nílò àlàáfíà kí wọ́n tó lè tẹ́ ẹ.

Ta ló wá dára jù?

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìgboyà àwọn Ofege, tí wọ́n ti ilé ìwé wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, àti ọgbọ́n àwọn Lijadu, tí wọ́n fi òwe Yorùbá sínú orin tó ń ké, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fi etí sí "Chapter One" lónìí kò ní sọ pé ọmọdé ló ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé rọ́ọ̀kì parí lọ́jọ́ tí àwọn àgbà wọ̀nyí gbé gìtá sílẹ̀ kò tíì tẹ́tí sí Agadez.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìfiwéra yìí kan àwọn olórin òní tí kì í ṣe rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ pẹ̀lú. Orin Afrobeats ti Nàìjíríà wà ní gbogbo ayé báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun sì ń ná owó lé e lórí, bí EMI ṣe náwó lé BLO àti Ofege ní ọdún 1973. Ilé iṣẹ́ lè yí ọkàn padà. Owó òkè òkun lè dópin. Ohun tó gba jùjú là ní ọdún 1980 sí 1989, tó sì ń gbé àwọn onígìtá aṣálẹ̀ ró lónìí, ni pé ará ilé ń pè wọ́n wá ṣeré, wọ́n ń san owó, àwọn ọmọdé sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí wọ́n ń wo bí ọwọ́ ṣe ń rìn lórí okùn.

Nàìjíríà kò ṣàìní onígìtá. Wọ́n wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wà lẹ́yìn àwọn olórin jùjú àti highlife, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ orúkọ Hendrix ju orúkọ Berkely Jones lọ. Bí rọ́ọ̀kì yóò bá tún ké ní Èkó àti Aba, ó ṣeé ṣe kí àwo àtijọ́ tó ń padà wá láti òkè òkun jí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é wá síbi ìgbéyàwó ni yóò jẹ́ kó pẹ́.